Kẹ̀kẹ́ Arọ, Ahun àti Ìbọn Omi: Ìtàn Fíìmù Tí Wọ́n Fi $7,000 Ṣe

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan ṣáájú ọ̀rọ̀ mi. Ká ní ọmọ yín ọkùnrin, ẹni bí ọdún mẹ́tàlélógún, tó ti gbéyàwó, wọlé tọ̀ yín wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàbá mi, ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti rí owó tí n ó fi ṣe fíìmù mi. Ilé ìwòsàn ni mo ń lọ. N ó sùn síbẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Kò sí ohun tó ń ṣe mí o. Wọ́n fẹ́ fi ara mi dán oògùn tuntun kan wò ni, wọn yóò sì sanwó fún mi.” Kí ni ẹ ó sọ fún un? Ní tèmi, mo mọ ohun tí bàbá mi ìbá sọ, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé tí tọmọ tìyá ń kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 1991, ní ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Rodriguez ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó gbé ara rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń dán oògùn wò, wọ́n san $3,000 fún un, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ìyókù kún un, wọ́n sì fi owó tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $7,225 ṣe fíìmù kan tí wọ́n pè ní El Mariachi. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí fíìmù yìí fi wọ ilé sinimá ní Amẹ́ríkà. Ní gbogbo àkókò tí nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀, Rodriguez ń kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ní ọdún 1995, ó kó àwọn àkọsílẹ̀ náà jáde ní ìwé tó pè ní Rebel Without a Crew. Bí a bá ní ká sọ ọ́ lédè tiwa, yóò jẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tí kò ní òṣìṣẹ́ kankan lẹ́yìn. Ìwé ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò owó náà ni pẹ̀lú, torí ojú ewé díẹ̀ ni ẹ ó ṣí tí ẹ kò ní bá ọ̀rọ̀ dọ́là àti sẹ́ǹtì pàdé.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Fíìmù tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń pe àwọn ọmọ kéékèèké jọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n láti wò lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ìbọn ń dún níbẹ̀ lákọlákọ, púpọ̀ nínú ìtàn náà sì jẹ́ nínú ilé ọtí. Àmọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é, tọmọdé tàgbà ló lè gbọ́ ọ, mo sì rò pé àwọn òbí gan-an ló yẹ kó gbọ́ ọ jù.

Ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́wàá ni Rodriguez, ní ìlú San Antonio. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ọlọ́jà tó ń kiri ọjà tà ni bàbá rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ilé tó kún ni, kì í ṣe ilé olówó. Nígbà tí ọmọ náà wà ní bí ọdún mọ́kànlá, bàbá ra ẹ̀rọ fídíò kan tí kámẹ́rà bá a wá. Robert gba kámẹ́rà náà mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ni ká kúkú wí. Kò wá òṣèré lọ síbì kankan, torí àwọn àbúrò rẹ̀ wà nílé lọ́pọ̀ yanturu, wọn kì í gbowó, wọn kò sì ní ibi tí wọn yóò sá lọ. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ mẹ́wàá rí yóò mọ̀ pé bí ẹnì kan bá lè kó wọn jọ síbì kan fún wákàtí kan láìjà, ẹni náà ti yẹ ní ọ̀gá.

Nígbà tó dé Yunifásítì Texas ní Austin, wọn kò gbà á sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa fíìmù, nítorí máàkì rẹ̀ kò tó. Kò bá wọn jà. Ó tún mú kámẹ́rà, ó tún kó àwọn àbúrò rẹ̀ jọ, ó fi eré wọn wọ ìdíje, ó sì na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà gan-an. Ìgbà náà ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Fíìmù kúkúrú kan tó ṣe lẹ́yìn èyí, Bedhead, tó jáde ní 1991, àwọn àbúrò rẹ̀ náà ló tún wà nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn níbi àjọ̀dún fíìmù lóríṣiríṣi.

Àlá tó wà lọ́kàn rẹ̀ lẹ́yìn èyí kéré, ibẹ̀ ni ìtàn náà sì ti dùn mọ́ mi. Kò ronú Hollywood rárá. Ní ìgbà náà, ọjà fídíò elédè Sípáníìṣì wà ní Mẹ́síkò àti láàrin àwọn ará Mẹ́síkò tó ń gbé Amẹ́ríkà. Fíìmù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà níbẹ̀, a máa ń ṣe é kíákíá, kì í dé ilé sinimá, inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló ń gbà lọ tààrà sí yàrá àlejò àwọn ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ rántí bí fídíò Yorùbá ṣe gbòde lórí kásẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí àkókò kan náà, ẹ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Rodriguez ní òun yóò ṣe mẹ́ta irú rẹ̀, òun yóò tà wọ́n fún àwọn máàkẹ́tà, òun yóò sì ti fi ìyẹn kọ́ṣẹ́. Ó gbà pé kò sẹ́ni tí yóò rí i, nítorí náà kò sẹ́ni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí kò bá dára.

Báyìí ló ṣe dé ilé àyẹ̀wò oògùn. Kì í kúkú ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó ti kópa rí nínú àyẹ̀wò oògùn tó ń mú egbò jinná kíákíá, ẹ sì mọ̀ pé a kì í dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò lára ẹni tí kò ní egbò. Wọ́n kọ́kọ́ gé e lápá ná. Àpá náà wà lára rẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ohun tó gbà ni pé kó máa gbé ibẹ̀, kó máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá fún un, kó máa lo oògùn, kó sì máa na apá fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Wọ́n fún oníkálukú ní ẹ̀wù aláwọ̀ àti nọ́ńbà, gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù. Orúkọ Rodriguez níbẹ̀ di Pupa Kọkànlá. Láàrin abẹ́rẹ́ kan àti èkejì, Pupa Kọkànlá ń kọ ìtàn fíìmù rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, Peter Marquardt lorúkọ rẹ̀. Òyìnbó ni, ojú rẹ̀ le, ó jọ ẹni tó lè ṣe ìkà. Rodriguez wò ó títí, ó ní yóò ṣe ọ̀gá àwọn ọ̀daràn nínú fíìmù òun. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé èdè Sípáníìṣì ni wọn yóò fi ṣe eré náà, ọkùnrin yìí kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu, a ó padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ ìtàn náà ló kọ́kọ́ mú mi gbé ìwé náà kalẹ̀ kí n ronú. Ọ̀pọ̀ wa, bí a bá fẹ́ ṣe nǹkan, a máa ń kọ́kọ́ ro ohun tí a fẹ́, lẹ́yìn náà la ó wá máa wá owó rẹ̀ kiri. Rodriguez yí i po. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ gírámà, Carlos Gallardo, ọmọ Ciudad Acuña ni, ìlú kan ní ààlà Mẹ́síkò àti Texas, gbogbo ará ìlú ló sì mọ ìdílé rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ka ohun tí wọ́n lè rí yá láìsan kọ́bọ̀: bọ́ọ̀sì kan, ajá kan, alùpùpù kan, ilé ọtí méjì, oko ẹran kan, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú pẹ̀lú àwọn wọ́dà rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú àkójọ yìí ló wà nínú ìtàn. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣe é. Rodriguez ní tirẹ̀ kò wá àdán rárá, òòbẹ̀ ló kọ ìtàn rẹ̀ lé lórí.

Ìtàn náà kò le. Olórin kan tó ń ta gìtá wọ ìlú kan pé kí òun ríṣẹ́ orin ṣe. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó gbé àpótí gìtá lọ́wọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni apànìyàn kan tó sá kúrò lẹ́wọ̀n wọ ìlú kan náà láti gbẹ̀san lára ọ̀gá àwọn ọ̀daràn. Òun náà wọ dúdú, òun náà gbé àpótí gìtá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbọn ló kún inú tirẹ̀. Ẹ lè fi ọgbọ́n inú yín parí ìyókù. Carlos fúnra rẹ̀ ló ṣe olórin náà.

Wọ́n ya fíìmù náà láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nínú ìwé náà, apá yìí ló dùn jù, mo sì ti kà á sókè fún àwọn ará ilé mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń ya fíìmù ní Hollywood, ẹ ó bá ọgọ́rùn-ún ènìyàn: ẹni tó di kámẹ́rà mú, ẹni tó gbé iná, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó ń fi àtíkè kun òṣèré lójú, ẹni tó ń pín oúnjẹ. Ní Acuña, Rodriguez ni gbogbo wọn. Òṣèré tí kò bá sí nínú ìran kan ni yóò bá a di nǹkan mú. Kámẹ́rà náà kì í ṣe tirẹ̀, ó yá a ni. Iná rẹ̀ kò ju gílóòbù bíi mélòó kan tí à ń há mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Bí ó bá sì fẹ́ kí kámẹ́rà máa sáré tẹ̀lé ènìyàn, èyí tí àwọn olówó máa ń tẹ́ ojú irin lé nílẹ̀ fún, ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n yá wá láti ilé ìwòsàn, ẹnì kan a sì máa tì í lọ lójú títì tòun ti kámẹ́rà léjìká. Ẹ ro ohun tí àwọn ará ìlú tó ń kọjá yóò máa rò: alára líle nínú kẹ̀kẹ́ arọ, tí wọ́n ń tì í sáré lé ọkùnrin tó gbé gìtá!

Fíìmù tí a fi ń yàwòrán, ọ̀wọ́n ni. Rírà rẹ̀, fífọ̀ rẹ̀ àti dída àwòrán inú rẹ̀ sórí téèpù ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lọ. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ya ìran kan. Bí òṣèré bá ṣe é tán, ó tán nìyẹn. Olórin náà fi ìbọn ọwọ́ rẹ̀ gbá òpó lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fi sílẹ̀. Ó ju àpótí gìtá sókè kó bọ́ sórí àjà, kò débẹ̀; wọ́n fi sílẹ̀. Kódà pátákó tí wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ìran sí kí wọ́n tó pàtẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn kò lò ó, torí ìṣẹ́jú àáyá tí wọn yóò fi gbé pátákó sókè, owó ni. Ìka ọwọ́ ni òṣèré ń nà sókè láti fi ka nọ́ńbà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ìbọn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìlú ni wọ́n ti yá a. Ìbọn gidi ni. Ọta asán tó ń dún lásán ni wọ́n kì sínú rẹ̀, ìbọn gidi kì í sì bá irú ọta bẹ́ẹ̀ rẹ́. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó há nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ìtàn ní kó máa dún tatata láìdánu dúró. Ohun tí Rodriguez ṣe ni pé ó ya ìbọn náà bó ṣe dún lẹ́ẹ̀kan, ó tún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún yà á lẹ́ẹ̀kan, ó wá so wọ́n pọ̀, ó sì fi ìró ìbọn ayinléraléra sí i lẹ́yìn. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ó búra pé ogun ni. Àwọn kan nínú ìbọn tí àwọn ọ̀daràn gbé sì rèé, ìbọn omi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni.

Àwọn oníròyìn ìlú kan wà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ fíìmù náà ṣe wàhálà fún wọn. Rodriguez kò bá wọn fà á. Ó pè wọ́n kí wọ́n wá ṣeré nínú fíìmù náà, wọ́n sì gbà.

Ahun náà ńkọ́? Kò sí nínú ìtàn rárá. Wọ́n bá a lójú ọ̀nà níbi tó ti ń rìn jẹ́jẹ́ rẹ̀ lọ, Rodriguez sì gbé kámẹ́rà sí i, ó di òṣèré. N kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibẹ̀: nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá tó fi ń há owó mọ́wọ́, ahun náà ló wá pàdé ahun ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Peter Marquardt nìyí o, tí mo ní a ó padà sí. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n fi jígí dúdú bo ojú rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sára páálí. Ó ń ka èdè tí kò gbọ́, lẹ́yìn jígí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé ó ń kàwé. Àwọn òǹwòran sì rí ọ̀daràn tí ojú rẹ̀ le, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í yíjú síbì kan. Ẹ̀rù rẹ̀ bà wọ́n.

Ti ohùn ló jinlẹ̀ jù, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbẹ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n yá yẹn ń pariwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ṣeé ṣe láti gba ohùn sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ya ìran kan tán, Rodriguez yóò gbé kámẹ́rà kalẹ̀, yóò mú rekọ́dà kásẹ́ẹ̀tì àti makirofóònù olówó pọ́ọ́kú, yóò ní kí àwọn òṣèré tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ná. Nígbà tó ń to fíìmù náà pọ̀, ó ń fi ohùn ka ẹnu, ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan. Gbólóhùn kan a bá ẹnu mu ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá dé àárín, ẹnu a ti ṣáájú ohùn. Ibi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, yóò gé àwòrán náà kíá, yóò fi ojú ẹlòmíràn hàn, tàbí ajá tó wà nítòsí, títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Nígbà tí fíìmù náà di ohun tí ayé ń wò, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín pé ó ń yára gé àwòrán, pé ọ̀nà tuntun ni, pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ ń sáré nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé náà ti mọ̀ pé àìrówó ra ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mọ́ àwòrán ló bí i.

Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ará ìlú kan ní Austin, tí ẹnikẹ́ni lè lo ẹ̀rọ rẹ̀, ló ti to fíìmù náà pọ̀ sórí téèpù fídíò. Nígbà tó parí, òun àti Carlos gba Los Angeles lọ láti tà á fún àwọn máàkẹ́tà fídíò elédè Sípáníìṣì. Ìyà ibẹ̀ kò kéré. Wọ́n ń sùn nílé onílé, wọ́n ń dúró de ẹni tó ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọ̀la dé, ó tún ní kí wọ́n padà wá. Owó tí wọ́n ń dá lé e kò tó nǹkan, síbẹ̀ wọn kò tètè san án. Ẹni tó bá ti bá máàkẹ́tà ṣòwò rí níbikíbi láyé yóò mọ bó ṣe ń rí.

Níbi tí wọ́n ti ń dúró yìí ni Rodriguez ti mú téèpù kan lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó máa ń ṣojú fún òṣèré àti olùdarí fíìmù. Àwòrán ìpolówó fíìmù náà ló wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ẹnì kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Robert Newman wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó bi í pé èló ló ná an. Ó ní $7,000. Newman ní ó dára púpọ̀, pé ìpolówó tó gún régé bẹ́ẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Rodriguez ní rárá o, kì í ṣe ìpolówó náà, odindi fíìmù ni òun ń wí.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í du ọmọkùnrin tí wọn kò mọ̀ rí lánàá. Columbia ló mú un lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn yóò fi owó gidi tún un ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi èyí tó wà nílẹ̀ han àwọn òǹwòran ná. Ojú ti Rodriguez. Ó ṣe é pé kẹ́nikẹ́ni má rí i ni! Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù ní Telluride àti Toronto ní 1992, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1993, ó gba ẹ̀bùn tí àwọn òǹwòran fi ìbò yàn ní Sundance. Ní oṣù kejì ọdún náà ló wọ ilé sinimá, ó sì pa nǹkan bí $2 mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà. Ní 2011, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, fi í kún àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè náà ń tọ́jú pamọ́ fún ìran tó ń bọ̀, òun àti kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ àti ìbọn omi rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo dákẹ́, n kò ní ṣe òótọ́ sí yín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti ka ìtàn yìí tí wọ́n sì ń sọ fún òbí wọn pé ẹ wò ó, $7,000 péré ni, ẹ fún mi. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré ìbá gbà kò sí nínú $7,000 yẹn, torí wọn kò gbowó. Owó kámẹ́rà kò sí níbẹ̀, yíyá ni. Owó ilé, ti bọ́ọ̀sì, ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò sí níbẹ̀, torí orúkọ rere ìdílé Gallardo nínú ìlú náà ló sanwó rẹ̀. Owó iṣẹ́ Rodriguez fúnra rẹ̀, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ogún ènìyàn, kò sí níbẹ̀. Fíìmù tó wọ ilé sinimá sì kọ́ ni èyí tó wà lórí téèpù ní Austin. Columbia tún un dà sórí fíìmù fífẹ̀ tí sinimá ń lò, wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, wọ́n polówó rẹ̀. Èyí tí wọ́n ná sórí rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ ìlọ́po iye tí wọ́n fi yà á. Ìpolówó náà ló sì gbé $7,000 sókè, torí iye náà gan-an ló ń tà á. Rodriguez kò fi èyí pamọ́ nínú ìwé rẹ̀, ẹni tó ń sáré kà á ni kì í rí i.

Ohun mìíràn tún wà tí kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín dé òpin. Nígbà tí Columbia fún un ní nǹkan bí $7 mílíọ̀nù láti ṣe fíìmù kejì nípa olórin onígìtá yìí, Desperado, tó jáde ní 1995, Carlos Gallardo kọ́ ló gbé gìtá mọ́. Antonio Banderas ni, torí òun ni ayé mọ̀. Carlos wà nínú fíìmù náà o, ó sì wà lára àwọn tó gbé e jáde, ṣùgbọ́n ipa kékeré ló kó, ọ̀rẹ́ tí olórin náà pè wá fún ìrànlọ́wọ́. Ọkùnrin tí ìlú rẹ̀ yá wọn ní bọ́ọ̀sì, tó sáré lójú títì Acuña nínú oòrùn, tó bá a sùn nílé onílé ní Los Angeles. Mo bi ara mi léèrè bóyá èmi ìbá gbà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé yóò dùn mí. Àwọn méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn náà.

Ní ti àwọn ọmọ yín, fíìmù Rodriguez tí wọ́n mọ̀ jù ni Spy Kids, tó jáde ní 2001, nípa ọmọ méjì tó lọ gba òbí wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ìyẹn ẹ lè jókòó wò pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá mọ ilé ọlọ́mọ mẹ́wàá tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà yóò mọ ibi tó ti rí ìjà tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ náà ti dàgbà sínú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ṣe fíìmù fún ọdún pípẹ́, Rodriguez tún padà sí $7,000. Òun àti Racer, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, jọ kọ ìtàn kan, wọ́n sì fi iye náà ṣe é, wọ́n fi hàn ní àjọ̀dún SXSW ní Austin ní ọdún 2019. Ìtàn náà dá lórí ọ̀dọ́ kan tó wọ ilé àyẹ̀wò oògùn nítorí pé ó nílò owó. Orúkọ tí wọ́n fún fíìmù náà ni Red 11, Pupa Kọkànlá.